Abẹ́ Yìnyín

Bọ̀dúnrìn, àbúrò mi, ìwọ tó ń wa mọ́tò lórí omi,
òkun o.
Ilẹ̀ ò tíì mọ́ ní Kàbà. Mo ti ka yìnyín mọ́kànlélógún sínú àpò,
ọwọ́ mi ti kú típiri,
mo fi gèlè di fóònù mọ́ etí, mo ń gbọ́ ohùn rẹ láti Fínláǹdì:
"Ẹ̀gbọ́n, a ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹsàn-án la máa ń bẹ̀rẹ̀."

Oṣù kẹsàn-án. Iṣu tuntun ni lọ́dọ̀ tiwa.
Mo gé e, mo bu epo sí i, mo ń ronú nípa ọkùnrin
mẹ́fà sí mẹ́fà tí wọ́n so ọ̀bẹ mọ́ bàtà,
tí wọ́n ń fi igi lé rọ́bà dúdú kan tí ò ju ìdérí agolo lọ.
O ní inú fíríìsà ni wọ́n ń tọ́jú rọ́bà náà sí kí eré tó bẹ̀rẹ̀,
kó má baà máa ta pọ́ún pọ́ún.
Mo rẹ́rìn-ín títí oníbàárà fi bi mí pé kí ló dé.
Fíríìsà! Nílẹ̀ tí òtútù ti ń pa ajá!
Bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba àwìn.

Ìwọ ò gbá nǹkan kan.
Ìwọ lo ń wa ẹ̀rọ tó ń fá ojú yìnyín,
tó ń da omi gbígbóná lé e kó lè dán bíi dígí.
Omi gbígbóná, kí yìnyín lè le. Mo gbà, torí ìwọ lo sọ ọ́.
Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín eré, nígbà tí àwọn èèyàn bá lọ jẹun,
tí kò sẹ́ni tó ń wò ọ́
àfi ọmọdé kan tó máa ń juwọ́.
Màámi ti sọ fún gbogbo ìjọ pé eléré ni ọ́.
Mi ò tú àṣírí.

Oṣù kọkànlá, àwọn Ìkookò rẹ pàdánù mẹ́sàn-án léraléra.
Oṣù kejìlá, ọyẹ́ dé, òkè wọnú eruku lọ,
ètè àwọn ọmọ là, kò sẹ́ni tó ra yìnyín mọ́.
Mo jókòó ti fíríìsà mi
bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ àpótí ìjìyà tí o sọ.
Ìṣẹ́jú méjì ni tiyín. Tèmi, oṣù méjì.
Mo ní kí oòrùn má bínú sí mi. O ní, "Èwo ni oòrùn?"

Oṣù kẹta, ooru padà, èrò tò sẹ́nu ọ̀nà mi,
àwọn Ìkookò náà jí. Wọ́n na tibí, wọ́n na tọ̀hún,
wọ́n dé àṣekágbá: ẹni tó bá kọ́kọ́ mú mẹ́rin.
Mẹ́ta sí mẹ́ta.
Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára fíríìsà.
Ìyá Mẹ́dùbí ẹlẹ́ja ní gbèsè ta ni mò ń kà.

Alẹ́ ọjọ́ náà, iná lọ.
Kì í ṣe lílọ tó ń padà. Tíránsífọ́mà àdúgbò wa ló bú gbàmù.
Fóònù mi ti ń kú lọ, o ń pariwo:
"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀mì ni o, wọ́n ti fi àkókò kún un, ẹni tó bá kọ́kọ́..."
Òkùnkùn.
Mo jókòó sínú ẹ̀, mo ń gbọ́ fíríìsà mi tó ń kán,
tó, tó, tó,
ọgọ́fà ọ̀rá tó ń padà di omi Ọ̀yì.
Mi ò mọ èyí tí mò ń gbàdúrà fún.

Ọjọ́ kẹrin ni iná dé. Fídíò kan ló wà níbẹ̀:
wọ́n ti pa ẹ̀rọ tútù, omi tẹ́ pẹrẹsẹ,
ìwọ nínú bàtà òjò, o ń gbá a lọ sójú gọ́tà,
símẹ́ǹtì lásán ló wà nísàlẹ̀.
"Ẹ wò ó," o ní, "orí èyí la ti ń sá kiri látọjọ́ yìí."

Èmi náà ń fi àkísà nu tèmi.
Bọ̀dúnrìn, má wulẹ̀ sọ ẹni tó borí.
Ọmọ tó máa ń juwọ́ yẹn,
ẹ̀rín ló bá lọ sílé, àbí ẹkún?